Bàbá Léjèé àti Orúkọ Ìdògbé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí Bàbá àgbà mi bá òun jà, kó kàn jókòó tì í, kó sọ pé bọ́ọ̀lù ni ọba eré ìdárayá. Bí Bàbá bá ń jẹun, yóò fọwọ́. Bí ó bá ń ka tẹ̀síbáà, yóò yára parí rẹ̀, yóò sì yíjú sí onítọ̀hún. "Ta ló fi í jọba? Àwọn wo ni afọbajẹ?" Ìjà dé nìyẹn. Mo ti rí ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní onízẹ́mì, tó kàn fẹ́ já a sílẹ̀ lọ́jà Ìfọ̀nyìn kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ẹnu kọ, ó ní bọ́ọ̀lù ló ni gbogbo ayé. Títí tí mo fi ra ata, tí mo ra ẹja, tí mo padà, Bàbá kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀.

Orúkọ tí gbogbo Bánígbé, ìlú wa, mọ̀ ọ́n sí ni Bàbá Léjèé. Léjèé ni rédíò Faransé ń pe ìdíje ńlá tí oríṣiríṣi eré ti ń pàdé lójú kan: eré sísá, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, odò wíwẹ̀, àti bọ́ọ̀lù. Àwọn ará òdìkejì ààlà, ní ìhà Nàìjíríà, Òlíńpíìkì ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀. Orúkọ Faransé yẹn lẹ̀ mọ́ Bàbá lára débi pé àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé Ràímì ni wọ́n sọ ọ́. Oṣù tó kọjá ló kú. Èmi Àlàbá, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ìfọ̀nyìn, ni mo ń kọ èyí, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní ó le jù. Àwọn kan ní ó ba ayé ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Kí kálukú gbẹ́nu dákẹ́ díẹ̀, kí n sọ ẹni tí èmi mọ̀.

Nígbà tó wà ní géndé, ó ṣe lébìrà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù. Nígbà tí gbogbo Áfíríkà wá péjọ síbẹ̀ fún Léjèé tiwọn, ó wọlé lọ wòran níbi tí ó ti fi orí ru búlọ́ọ̀kù. Ó rí i tí wọ́n fi wúrà kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ́rùn, tí wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ó tún rí asáré kan tó dá dúró, tí wọ́n fi irú wúrà kan náà kọ́ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ń ka èrè orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ni wọ́n kà fún odindi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹyọ kan náà ni wọ́n kà fún ẹni tó dá sáré. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára, kò sì jáde mọ́ títí ó fi kú.

Látìgbà náà ni kò ti ka Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sí nǹkan kan. Yóò gbọ́ ọ o, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ yóò máa pòṣé. "Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́ nìyẹn," ló máa ń wí. "Ṣùgbọ́n ní Léjèé, bọ́ọ̀lù ní ọmọ ìyá. Ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n bí."

Lábẹ́ igi òrombó tó wà níwájú ilé ló máa ń jókòó lọ́sàn-án. Yóò sá bátìrì rédíò sóòrùn bí ẹni sá ẹ̀gẹ́, kó lè ní agbára díẹ̀ sí i, yóò sì máa kọ́ wa. Ó ní kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó wà rárá ni bọ́ọ̀lù ti wà nínú Léjèé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ọdún kan wà tí wọ́n ṣe Léjèé láìsí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ rárá, tí eré náà sì lọ geerege. Èyí ló fi máa ń pa àwọn olóríkunkun lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọjọ́ orí dè é. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin nìkan máa gbá a, àfi àgbà mẹ́ta tí wọ́n gbà kó tẹ̀ lé wọn. Òfin àgbà mẹ́ta yìí dùn mọ́ ọn nínú jọjọ. Ó ní àwọn òyìnbó náà ti wá mọ̀ pé ọmọdé kì í dá lọ sí òde ńlá. Mo bi í léèrè àwọn obìnrin. Ó ní wọn ò jẹ́ kí obìnrin gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí di ọdún tí Nàìjíríà gba wúrà ní Amẹ́ríkà. Ó wo yẹ̀rì tí mo wọ̀, ó wo bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Wọ́n pẹ́ kí ojú wọn tó là. Ìwọ gbá a."

Ọdún tí mo wí yìí dá ìjà kan sílẹ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé mo wà níbẹ̀. Bátìrì rédíò Bàbá kú nígbà tí àṣekágbá ń lọ lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé ní ìhà Nàìjíríà, Bàbá Sùlé, gun kẹ̀kẹ́ kọjá ààlà wá, ó ń pariwo láti òkèèrè: "A ti gba góòlù! A ti gba góòlù o!" Ní tiwa níhìn-ín, bíì là ń pè é bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, nítorí Faransé. Góòlù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Bàbá kó bọ̀ láti Èkó, bọ́ọ̀lù inú àwọ̀n nìkan ló sì mọ̀ ọ́n sí. Ó rò pé wọ́n ti gbá a wọlé Nàìjíríà ni.

"Mélòó lẹ gbà?"

"Mélòó kẹ̀? Ẹyọ kan náà ni! Ṣé ó tún ju ẹyọ kan lọ ni?"

Ẹ̀rín ń pa Bàbá Sùlé bó ti ń sọ ọ́. Bàbá rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín, ló bá fa aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn, aṣọ sì ya. Ìyá àgbà mi ló là wọ́n. Ọ̀sán pọ́n kí rédíò aládùúgbò tó sọ ọ́ ní Faransé pé wúrà ni. Bàbá kò jẹun kó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tòun ti aṣọ mìíràn lábẹ́ abíyá. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti pe góòlù nílé wa, yóò ní, "Èyí tí wọ́n ń gbá sílé ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn? Ẹ máa béèrè kí ẹ tó fa aṣọ ènìyàn ya."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó máa ń yára bínú, ó máa ń yára bẹ̀bẹ̀. Ìjà kan ṣoṣo ló wà láyé rẹ̀ tí kò bẹ ẹnikẹ́ni lé lórí, ìjà náà sì ni wọ́n fi ń bú u.

Ìyá mi bí ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnú. Ìdòwú ló tẹ̀ lé wọn, èmi Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Lẹ́yìn mi ni ìyá mi bí ọkùnrin kan tí kò lo ọjọ́ mẹ́jọ láyé. Wọn ò tíì kó o jáde, ṣùgbọ́n orúkọ àmútọ̀runwá kì í dúró de ìkómọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Àlàbá, Ìdògbé ni. Bàbá àgbà ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sí i.

Ìdòwú mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mi ò ní torí pé mo bínú sí i kí n parọ́ mọ́ ọn: bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbà tó ń kọjá lọ sóko á dúró. Bàbá ló gbé e dàgbà sórí ọ̀rọ̀ Léjèé. Òun ló ń tẹ̀ lé e lọ sí gbogbo ìdíje, títí dé Làgbé, yóò jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ìlà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi parí. Kóòṣì kan wá láti Àjàṣẹ́, ó ń ṣa àwọn ọmọkùnrin tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wa ní Léjèé àwọn ọ̀dọ́, lókè òkun. Ó wo Ìdòwú lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti yàn án. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, Ìdòwú sì ti pé mọ́kàndínlógún.

Oko ni wọ́n bí Ìdòwú sí, kò ní ìwé ìbí. Kóòṣì ní ìyẹn gan-an ló dára, kí a lọ sílé ẹjọ́, kí a sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, wọn á fún un níwèé. Ọkùnrin náà kì í ṣe Yorùbá, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kan ní méèrì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, tó jẹ́ Nàgó, Yorùbá bíi tiwa. Akọ̀wé wo ìwé ìbí tèmi tó wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n bí mi sí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Músé Kóòṣì, Àlàbá ti lé ní mẹ́tàdínlógún, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rìndínlógún? Ìdòwú wo ló ń jẹ́ àbúrò Àlàbá? Adájọ́ tó bá gbọ́ Yorùbá á ti gbogbo yín mọ́lé."

Kóòṣì délé wa, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ìyá mi ń yan gàrí lọ́wọ́. Bàbá mi ronú títí, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí etí mi kò ní gbàgbé.

"Bọ̀n, ó dáa. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Ìdògbé."

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú agbada. Gàrí náà jó, gbogbo wa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó rò ó. Wọ́n fẹ́ sọ mí di ẹ̀gbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n sì bọ́ orúkọ lára òkú ọmọ wọ̀ fún ààyè. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì nílò, àgbà ìdílé tí yóò jẹ́rìí níwájú adájọ́ pé òun mọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá àgbà nìyẹn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìdòwú ń lọ sókè òkun. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Ilé wa di ibi tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí ó ti ń fojú sọ́nà pé ọmọ Bánígbé fẹ́ lọ sí Léjèé bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú ilé wa láti àárọ̀. Bí Bàbá bá ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa fi ojú sìn ín lọ. Bàbá mi wọlé tọ̀ ọ́.

"Bàbá, orúkọ lásán ni. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun jẹ́ ẹ rí."

"Ìwọ mọ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀."

"Ṣé ọmọ tó kú ló ṣe pàtàkì ju èyí tó wà láyé lọ ni?"

Ìdòwú fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi Léjèé há mi lẹ́nu láti kékeré. Ẹ̀yin náà lẹ ó wá dí mi lọ́nà?"

Bàbá gbé e dìde. Ó ní, "Kò sí ibi tí n ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dé. Ẹsẹ̀ rẹ ni kó gbé ọ débẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo wa gbà pé ó ti gbà. Adájọ́ sọ Faransé, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀: kí bàbá yìí sọ ẹni tí ọmọ yìí jẹ́. Mo wo Ìdòwú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣàdúrà.

"Ìdòwú ni," Bàbá ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀ lóko, ọdún tí àgbàrá gbé ẹ̀gẹ́ wa lọ. Ìdògbé wà lẹ́yìn ilé mi. Ọwọ́ méjèèjì tí ẹ̀ ń wò yìí ni mo fi tẹ́ ẹ sí i. Ẹ má pè é, ẹ jẹ́ kó sùn."

Ògbufọ̀ mu omi kó tó túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ wo bàbá mi, ó wo kóòṣì, ó ní kí a máa lọ sílé, kí a sì dúpẹ́ pé òun ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdòwú kò bá wa padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà, láì dágbére fún Bàbá, láì dágbére fún mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Léjèé náà. Bàbá tan rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó gbọ́ tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ náà, ó sì pa á. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ. Èmi ni mo fẹ́ràn Léjèé jù nínú ilé yìí." Bàbá mi kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kì í gbé omi àlùwàlá síwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá á gbé omi náà, á ní kí Ọlọ́run san án, bí ẹni bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ bu oúnjẹ Bàbá kó tó bu ti ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé ń sọ̀rọ̀ sí i. Ó dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Òun nìkan ló rántí pé márùn-ún ni mo bí."

Àìsàn Bàbá kò pẹ́. Ó sọ pé òun fẹ́ rí Ìdòwú, a ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ikú ṣáájú. Ìdòwú dé nígbà tí a ti sin ín tán. Ó lọ dúró síbi ibojì, ó wọlé, ó wá igun kan jókòó sí. Èmi kò kí i. Mo ń bá a gbé inú ilé kan náà, mo ń fo ojú rẹ̀ dá bí ẹni fo kòtò. Inú ń bí mi pé ó jẹ́ kí àgbàlagbà wo ọ̀nà títí.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn alùfáà ti kéwú tán, à ń pín oúnjẹ, ni ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta gun ọ̀kadà dé láti ìhà Nàìjíríà. Aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ọmọlúàbí ni wọ́n.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá. Ilé Ìdògbé là ń béèrè. Wọ́n ní bàbá àgbà rẹ̀ ló ṣaláìsí."

Mo rí Ìdòwú ní igun tó wà, ojú rẹ̀ ti fún. Ìgbà náà ni gbogbo wa mọ̀ pé orúkọ tí Bàbá kò fún un ló lọ mú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ààlà, tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bàbá mi bojú wo ilẹ̀. Ìyá mi gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìdògbé? Ẹ máa bọ̀."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn. Ó dúró níwájú ilẹ̀ kékeré kan tí koríko ti bò, tí ẹni tí kò bá mọ̀ lè tẹ̀ kọjá.

"Ìdògbé nìyí. Kí lẹ fẹ́ bá a sọ?"

Àwọn ọmọ náà sún sẹ́yìn. Èyí tó dé fìlà ṣí i. Ó wá rí Ìdòwú láàárín wa, ó ní: "Ìdògbé, kí ni Màmá ń wí?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìdòwú fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìdòwú ni mí."

"Bí kóòṣì wa bá gbọ́ ńkọ́? Wọ́n á yọ ọ́ o."

"Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un."

Ó yíjú, ó ń wá ẹnì kan nínú èrò títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi. Ó nawọ́ sí mi.

"Ìdòwú ni mí," ó tún un sọ. "Ẹ̀gbọ́n Àlàbá yìí ni mí."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."